Ẹsẹ̀ Òsì Lórí Pèpéle Ìkòkò

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Mo rí i ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, lórí pèpéle òkúta ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí a ń to ìkòkò irú sí. Òjò kò tíì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo òkúta yòókù gbẹ, wọ́n funfun bí egungun. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ yìí tutù, ó sì mọ́ kedere. Kò ní ìka. Ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aṣọ ni, irú èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ máa ń ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Mo wá ẹsẹ̀ ọ̀tún kiri, n kò rí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án, mo fi ìka náà kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni.

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, kò sì sí ẹni tó kù nílé wa tí ọ̀rọ̀ yìí lè bà nínú jẹ́. Ọkọ mi ti lọ. Àbúrò rẹ̀ ti lọ. Ìyá tó bí wọn ti lọ tipẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi lè kọ ọ́ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní Sunchang, agbègbè wa, irú ni wọ́n fi ń dá ilé mọ̀. Ẹ̀wà sóyà la fi ń ṣe é. A ó sè é, a ó gún un, a ó mọ ọ́n ní ìṣù, a ó so ó rọ̀ kó gbẹ, a ó sì rì í sínú omi iyọ̀ nínú ìkòkò amọ̀. Bí irú ilé kan bá bàjẹ́, àwọn ará abúlé kì í béèrè ohun tó ṣe ìkòkò. Wọ́n á béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn nílé náà.

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í pe ìyàwó ilé ní orúkọ. Abúlé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá ni wọ́n fi ń pè é. Ìyàwó Imsil ni mí, èmi ni ìyàwó àkọ́bí. Pilye tí bàbá mi sọ mí, ọkọ mi nìkan ló ń pè é, ìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn. Ọdún kẹrin tí mo délé ni àbúrò ọkọ mi gbé ìyàwó Goksong wọlé. Okdan ni orúkọ rẹ̀. Ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, bó bá ń rẹ́rìn-ín, èèyàn á rí gbogbo eyín ẹnu rẹ̀. Ó máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníkùn ńlá. Ta ló sùn dáadáa nínú yín?”

Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Ká má parọ́. Bí ọmọ kan bá ń gbóná lábúlé, ìyá rẹ̀ á wá tọrọ ọbẹ̀ lọ́wọ́ Okdan kó tó wá ewé. Èmi tí mo ṣáájú rẹ̀ dé, tí mo mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí ìyá ìyá ọkọ mi ń lò, kò sẹ́ni tó gbé abọ́ wá bá mi.

N kò sọ nǹkan kan. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, a mọ àìsàn obìnrin tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì, a sì ń pè é ní àrùn iná. Ọdún méje ni mo fi ṣe é. Ohun kan jókòó sí àyà mi bí ẹyin gbígbóná, kò sọ̀kalẹ̀, kò gòkè. Nínú òtútù tí omi kànga ń dì, mo ń ta kúbùsù nù, mo ń mu omi tútù inú kimchi, ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ kan, láti fi pa iná. N kò rí oorun sùn. Ìgbà tí àrùn náà wá le jù ni ìgbà tí mo bá gbọ́ ẹ̀rín Okdan láti ilé ìdáná.

Ìkòkò kan wà láàárín pèpéle náà tí a ń pè ní ìkòkò àgbà. Omi irú inú rẹ̀ kò gbẹ rí láti ìran márùn-ún. Ọdọọdún ni a ń da tuntun lé ògbólógbòó. Ìyàwó àkọ́bí ló ń jogún rẹ̀, pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń bù ú. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ni mo ti ń wo ìpọnbẹ̀ náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tí ìjọba ní ká ṣí koríko kúrò lórí ilé ká fi páànù bò ó, Ìyá tó bí ọkọ mi bu irú mi sínú abọ́ kan, ó bu ti Okdan sínú òmíràn, ó ní kí àwọn aládùúgbò mẹ́ta tọ́ ọ wò. Kò sọ ti ta ni ti ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nawọ́ sí abọ́ kan náà.

Ìyá tú ìpọnbẹ̀ lára ògiri, ó nà án sí Okdan.

“Ìyàwó Goksong, ìwọ ni wàá máa ṣí ìkòkò àgbà láti òní lọ.”

“Háà, Ìyá! Ìyálé mi ńkọ́?”

“Ara ìyálé rẹ ò yá. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná jù. Irú kì í fẹ́ ọwọ́ gbígbóná.”

N kò mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ìyàwó Namwon, aládùúgbò wa tí kì í pa ẹnu mọ́, ló rí mi.

“Imsil, kí ló ń run ọ́ nínú? Àbí ìbátan rẹ ra ilẹ̀ ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, nítorí òwe wa ni: bí ìbátan bá ra ilẹ̀, inú a máa run ẹni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Orúkọ ẹranko méjìlá ni a fi ń pe ọjọ́; Ọjọ́ Ẹṣin tó kọ́kọ́ wọlé nínú oṣù kìn-ín-ní ni a ń da omi iyọ̀ lé irú. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ la ti wẹ̀, tí a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́jọ́ náà, obìnrin tó bá máa sún mọ́ ìkòkò á fi bébà funfun bo ẹnu, kí èémí búburú tàbí ọ̀rọ̀ búburú má baà kán sínú rẹ̀. Èmi àti Okdan bo ẹnu. A ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, a kàn ń júwe sí ara wa. Ó da omi iyọ̀, ó ju èédú pípọ́n àti ata pupa sí i. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi okùn koríko ìrẹsì yí ọrùn ìkòkò, kí n sì lẹ bébà ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ yìí ní bó ṣe ń rí. A máa ń gé bébà ní àwòrán ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, a ó sì lẹ̀ ẹ́ ní ìdoríkodò, àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, kí ibi tó bá ń bọ̀ wá bá irú kó sínú rẹ̀, kó má rí ọ̀nà jáde. Nílé wa, ìwọ̀n ẹsẹ̀ Ìyá ni a fi ń gé e. Bébà ìwọ̀n ẹsẹ̀ gbogbo obìnrin ilé wà nínú àpò kan, láti fi rán ìbọ̀sẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, mo mú èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Mo gé e. Mo sì lẹ̀ ẹ́ sára ìkòkò tuntun Okdan ní ìdúró, àtẹ́lẹsẹ̀ sísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ rìn.

Ṣé mo mọ ohun tí mo ń ṣe? Ọwọ́ mi mọ̀. Ẹnu mi wà ní bíbò, n kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú mi sọ ọ́ kedere, bí ẹni ń ka ìwé: Ẹni tí irú yìí bá dùn mọ́ nínú, kó má lè gbé e mì.

Nígbà tí mo yọ bébà kúrò lẹ́nu, ó gbóná, ó sì ti pọ́n ní àárín bí aṣọ tí a gbàgbé irin ìlọṣọ lé lórí. Mo ká a, mo jù ú sínú ààrò.

Ọjọ́ kẹta, mo sùn. Mo sùn láti alẹ́ di ìgbà tí àkùkọ kọ, kúbùsù wà lára mi. Nígbà tí mo jí, mo fi ọwọ́ wá ẹyin gbígbóná náà láyà, n kò rí i. Mo jẹ ìrẹsì abọ́ méjì. Ọkọ mi wò mí títí.

“Pilye, kí ni o lò?”

“N kò lo nǹkan kan. Ó kàn lọ ni.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo rí ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí ìkòkò Okdan ló wà, ó kọjú sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kúrò lórí pèpéle, ó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dé ìdí igi eléso tí a ń pè ní pésímọ́nì. Ìṣísẹ̀ kan lójúmọ́ ni, ẹsẹ̀ òsì nìkan, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Bí oòrùn bá ti yọ, á gbẹ, á ku iyọ̀ funfun díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń fi ìgbálẹ̀ gbá iyọ̀ náà kúrò.

Yàrá Okdan wà ní òdìkejì àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Busan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń wálé, nítorí náà òun nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Okdan jáde wá sí ilé ìdáná, ó jókòó síwájú oúnjẹ, kò jẹ ẹ́.

“Ìyálé, nǹkan kan jókòó sí mi láyà,” ó ní. “Ó gbóná, bí ẹyin.”

Ṣíbí ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní oṣù kẹta, kò lè gbé ìrẹsì mì mọ́. Ní oṣù kẹrin, omi nìkan ni, omi tútù. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Jonju, wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń pọ́n. Ìyàwó Namwon ní mo dà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, pé kí n fi ọgbọ́n náà han òun.

Ìyá ránṣẹ́ pe bàbá oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sin, tó ń fi ìka mẹ́ta wo iṣan ọwọ́. Òun ló ti ń tọ́jú mi fún ọdún méje. Ó di ọwọ́ Okdan mú pẹ́. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí èmi náà na ọwọ́. Ó gbọ́ tèmi. Ó padà wọlé gbọ́ ti Okdan. Nígbà tó tún jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Imsil, àìsàn rẹ ti lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣùgbọ́n kò kú. Mo mọ ọ̀nà tó ń gbà lù, mo ti ń gbọ́ ọ láti ọdún méje. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ nínú yàrá yẹn ni.” Ó ń nu ìka rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tí nǹkan ta sí. “Ewé mi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìwọ ló mọ bó ṣe débẹ̀.”

Kò gba oúnjẹ, kò mu tíì. Ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé ìgbálẹ̀ jáde, Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà Okdan, ó lóṣòó síwájú ojú ẹsẹ̀ náà. Àpò bébà ìwọ̀n ẹsẹ̀ wà lórí eékún rẹ̀.

“Wá síbí,” ó ní jẹ́ẹ́.

Ó mú ìwọ̀n tirẹ̀, ó gbé e lé ojú ẹsẹ̀ náà. Ó kúrú. Ó mú ti Okdan. Ó fẹ̀ jù. Ìkẹta, kò gbé e lé e. Ó nà án sí mi.

“Ìwọ fúnra rẹ, gbé e lé e.”

Mo gbé e lé e. Kò ṣẹ́ kù níbì kankan. Ṣóńṣó rẹ̀ pàápàá tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, láti ọjọ́ tí màlúù ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bá a mu régí.

“Ìyá, mo fi ọ̀run búra, n kò jáde. Mo ń sùn ni.”

“Mo mọ̀ pé o ń sùn. Mo ń gbọ́ híhanrun rẹ. Láti ọdún méje, o ò hanrun rí.” Ó dìde, ó di èjìká mi mú kó lè dúró. “Mo fún ọ ní bébà kí o fi bo ẹnu. Ta ló mọ bébà tí wọ́n fi ń bo inú?”

Mo sáré lọ sídìí ìkòkò, mo fi èékánná ha ìbọ̀sẹ̀ bébà náà kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, ara ìkòkò náà ń làágùn ní àwòrán ẹsẹ̀. Mo nù ún. Ó tún làágùn.

“Fi sílẹ̀,” Ìyá ní lẹ́yìn mi. “Ohun tó bá fi ẹsẹ̀ jáde, bébà kọ́ ni yóò dá a padà. Lọ bá a. La ẹnu rẹ.”

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó lè sọdá àgbàlá. Ọ̀sán ni mo lọ. Okdan dùbúlẹ̀, ó ti fẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ tí a sá. Ó ṣí ojú.

“Ìyálé, ẹ wọlé. Ẹ má ti ilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn lè wọlé.”

“Okdan, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ń wá síbí láràárọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì wá.”

Mo jókòó.

“O ń rí i?”

“Mo ń rí i. Ó jọ yín. Ó kàn fi díẹ̀ rẹwà jù yín lọ ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Ẹsẹ̀ kan ló ní. Á fò wọlé, á wọ abẹ́ kúbùsù mi. Yéè, ẹsẹ̀ yín tutù o, Ìyálé! Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó kàn ń sunkún. Ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Omijé rẹ̀ ló gbóná. Ibi tó bá kán sí, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọ̀ mí lára.”

“Èmi ni mo lẹ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo dojú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ilẹ̀.”

“Mo rí yín lọ́jọ́ náà.”

“O rí mi? Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹnu mi wà ní bíbò. Mo sì rò pé ẹ ó tún un ṣe fúnra yín. N kò fẹ́ kí ojú tì yín lójú Ìyá.”

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, tàbí mo gbìyànjú. Ojú mi gbẹ.

“Kí ni kí n ṣe, Okdan?”

“Ẹ yìn mí.”

“Kí ni?”

“Ẹ yìn mí, Ìyálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe irú lójú yín. Ẹ sọ pé irú mi dára ju tiyín lọ. Bó bá ti inú yín wá, inú náà á ṣí, òun náà á sì ríbi padà sí. Kò níbi tó ń lọ, ni kò ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ìpọnbẹ̀ onígi lára ògiri rẹ̀ níbi tó so ó kọ́ sí. Níwájú ẹni tó ń kú lọ, nǹkan kékeré kan ṣì wà nínú mi tó ń sọ pé: dúró díẹ̀ sí i.

“Iyọ̀ rẹ̀...” mo ní. “Iyọ̀ rẹ̀ kò burú.”

Okdan wò mí, ó sì tún bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ hàn.

“Iyọ̀! Ọdún kẹjọ, iyọ̀ nìkan!”

“Màá sọ ọ́ lọ́la. Mo ṣèlérí.”

“Ó dáa, Ìyálé,” ó ní, bí ẹni ń gbà fún ọmọdé. “Lọ́la.”

Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ẹní mi, mo ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dúró.

Ojú ẹsẹ̀ wà ní àgbàlá, ṣùgbọ́n kò kọjú sí yàrá Okdan mọ́. Inú yàrá náà ló ti jáde wá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni. Méjì jẹ́ ẹsẹ̀ lásán, wọ́n kéré, wọ́n fẹ̀, ìka wọn pé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹsẹ̀ òsì oníbọ̀sẹ̀, ó sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni tí wọ́n fi èjìká gbé. Wọ́n gba ìdí igi pésímọ́nì kọjá, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, wọ́n sì kọrí sí òkè. Ọjọ́ méjìlá ti kọjá tí Okdan kò lè dìde dúró.

Ó wà lórí ẹní rẹ̀. Ó ti tutù. Ó ti ká ẹ̀gbẹ́ kan kúbùsù náà kúrò dáadáa, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣí i fún ẹlòmíràn kó lè dìde.

Gbogbo ilé ké, gbogbo abúlé ké. Ìyàwó Namwon sunkún títí wọ́n fi gbé e kúrò nídìí pósí. Èmi ìyálé, tó yẹ kí n ṣáájú ẹkún, mo dúró. N kò rí ẹ̀kán omi kan. Nígbà tí ọ̀fọ̀ pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, Ìyá gbé ìpọnbẹ̀ onígi lé mi lọ́wọ́. Kò wò mí. Mo retí kí inú mi dùn, tàbí kó bà jẹ́. Mo gbà á bí ẹni gba ìgbálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò ṣàìsàn. Iná kò padà, ẹsẹ̀ òsì náà kò sì padà. Ọkọ mi kú, n kò sunkún. Ìyá kú, n kò sunkún. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń gbọ́ ọkàn mi, wọ́n ní ó ń lù bí ti ọmọ ogún ọdún, wọ́n ń béèrè ohun tí mo ń jẹ. Aládùúgbò ń kọ́lé, ọmọ wọn ń di ńlá, n kò jowú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ọkàn mi mọ́.

Ní àràárọ̀, mo ń dúró síwájú pèpéle, mo ń ṣí ìkòkò àgbà, mo sì ń sọ ọ́ sókè: “Okdan, irú rẹ dára ju tèmi lọ.” Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ọ́. Ó ń jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, kò kọ́ mi lọ́fun, kò dùn mí níbì kankan.

Bó ṣe rọrùn tó yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.